Ìlù Bọ̀dá Mi ní Pópó Àgùdà

Ẹnu mi ò ṣeé fi pamọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ nílé wa ní Pópó Àgùdà pé tí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù nínú ọbẹ̀, kí wọ́n má pe èmi wá tọ́ ọ wò lójú àlejò. Mi ò bínú sí i. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Ẹni tó bá bi mí léèrè ọ̀rọ̀, tó sì fẹ́ kí n fi oyin sí i, kó yáa bi ẹlòmíràn.

Nítorí náà, nígbà tí bọ̀dá mi dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, tó ní kí n wá gbọ́ orin àwọn lọ́sàn-án, kí n sì sọ òótọ́ fún òun, mo wá ọ̀nà láti yẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ẹ̀yin náà, bọ̀dá mi, ẹ ò rí ẹlòmíràn bi ni?"

Ó ní, "Ìwọ nìkan ni ẹnu ẹ ò mọ irọ́ nínú ilé yìí. Àwọn yòókù á kàn máa kí mi ni."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì pé ṣé mo máa wá. Mo ní màá wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bọ̀dá mi fún yín, kí ẹ lè mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa. Òun ni àkọ́bí, èmi ni àbígbẹ̀yìn. Mo ṣì ń wọ aṣọ iléèwé nígbà tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó lóun ń lọ kàwé ìnjínnì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń dé, wọ́n ń kó fìríìjì dé, wọ́n ń gbé mọ́tò dé, àwọn mìíràn mú ìyàwó dé. Nígbà tí bọ̀dá mi wá dé láyé Sáàpù, tí gbogbo nǹkan le koko, àpótí ńláńlá ló ń kó bọ̀ láti ebúté. Màmá ti pe àwọn ẹbí jọ. Wọ́n ṣí àpótí àkọ́kọ́, ìlù ló wà níbẹ̀. Wọ́n ṣí èkejì, ìlù náà ni. Ìlù òyìnbó tí wọ́n ń pè ní jáàsì ni, èyí tí ẹnì kan ṣoṣo máa ń jókòó sáàárín ẹ̀, tí á máa fi ọ̀pá lu àwọn kékeré, tí á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ńlá. Àbúrò bàbá wa bi í pé, "Ìwé ẹ̀rí ńkọ́?" Bọ̀dá mi tún bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí. Ó ń to àwọn àwo idẹ tí wọ́n ń lù mọ́ ọn sílẹ̀ bí ìyàwó tuntun ṣe ń to abọ́.

Orin tó mú bọ̀ ni wọ́n ń pè ní pọ́ńkì rọ́ọ̀kì. Ó ní orin àwọn tí inú ń bí ni. Mo ní, "Ta ni inú ò bí l'Ékòó?" Ó ní ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí á ní tiwa. Ó wá ọ̀dọ́kùnrin méjì. Ọ̀kan jẹ́ télọ̀ ní Ẹnu Ọ̀wá, ọmọ Ìjẹ̀bú, Mùsùlùmí, ohùn ẹ̀ lè jí òkú. Òun ló ń kọrin. Èkejì jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń bá ọ̀gá kan ta bàtà. Òun ló ń ta gìtá. Ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀ ni àwọn méjèèjì, bọ̀dá mi sì ti ń sún mọ́ ogójì. Òun ló kọ́ wọn ní gbogbo ẹ̀. Òun ló kọ àwọn orin náà. Òun ló ni ìlù, òun ló ni gìtá, òun ló ni ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde. Nílé wa ni wọ́n sì ti ń ṣe é, ní yàrá ìsàlẹ̀ lẹ́yìn, níbi tí bàbá wa àgbà ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà nígbà ayé ẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lù ú, ìjà ni àwọn ará àdúgbò rò pé ó ṣẹlẹ̀. Iwájú ilé ni mo wà. Télọ̀ ń ké pé, "Mi ò gbọ́! Mi ò gbà! Ẹ ò lè mú mi!" ìlù ń dún gbì gbì, idẹ ń han gooro. Alhájà tó ń gbé òdìkejì wa ló kọ́kọ́ sáré dé, ìborùn ẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́. "Lá ìláhà ìlaláhù! Ẹ là wọ́n o! Wọ́n ti fẹ́ pa ara wọn!" Àwọn ọkùnrin já wọlé, ọ̀kan gbá télọ̀ mú lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Ọmọ ìyá mi, ṣe sùúrù, ohun yòówù tí wọ́n bá ṣe fún ẹ." Bọ̀dá mi wà nídìí jáàsì, ọ̀pá lọ́wọ́, kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà tó máa jáde tí wọn ò ní kí i. "Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o!" "Ẹ kú iṣẹ́ ìlù o!" "Olúwa á túbọ̀ fún yín lókun!" Inú ẹ̀ á máa dùn. Ó gbà pé orin òun ti ń wọ àdúgbò létí.

Ohun tó wá jẹ́ kó wá mi lọ sórí àtẹ̀gùn nìyí. Ọkùnrin kan wà tó ní gbọ̀ngàn kan nítòsí CMS, tó máa ń pe àwọn olórin wá ṣeré níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè. Ó ti gbà pé òun á wá gbọ́ wọn nílé wa láìpẹ́. Màmá sì ti là á mọ́lẹ̀ fún bọ̀dá mi: tí ọkùnrin yìí bá fi lè kọ̀ wọ́n, jáàsì á kúrò nílé, bọ̀dá mi náà á kó ẹrù ẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò bàbá wa, á lọ máa bá a sin adìẹ. Bọ̀dá mi gbà. Nínú gbogbo ọdún tó lò lókè òkun, orin yìí nìkan ló kù tó lè nawọ́ sí, kó sọ pé nǹkan tí mo mú bọ̀ rèé. Kò torí adìẹ wálé.

Mo ń ta bọ́tìnì, òwú àti síìpù ní Ẹnu Ọ̀wá nígbà náà. Láàárọ̀ Sátidé yẹn kan náà, mi ò tíì pàtẹ tán tí télọ̀ fi yọ sí mi.

"Àǹtí, ẹ kú àárọ̀. Bọ̀dá ní ẹ ń bọ̀ wá gbọ́ wa lónìí."

"Wọ́n ní kí n wá. Bọ́tìnì wo lo fẹ́?"

Ó mú ike bọ́tìnì kan, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, kò sì wo inú ẹ̀. Mo ní, "Sọ ohun tó gbé ẹ wá jàre, mo níṣẹ́ lọ́wọ́."

"Àǹtí, nǹkan kan wà nínú orin wa tí kò lọ déédéé. Èmi àti onígìtá ti jọ sọ ọ́. Àwa ò kàn lè wí i ni."

"Kí ni nǹkan ọ̀hún?"

"Ẹ ó gbọ́ ọ fúnra yín. Ẹ ṣáà jọ̀ọ́, tí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ bá wa sọ ọ́."

"Kí ló ṣe ẹnu tiyín?"

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lọ gbá olóyè létí. "Háà, Àǹtí! Àgbà ni wọ́n."

Ibẹ̀ ni mo ti fura, inú sì bí mi. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tó ń pariwo kiri àdúgbò pé àwọn ò gbọ́, àwọn ò gbà, àwọn ló wá ń wá obìnrin oníbọ́tìnì tó máa bá wọn la ẹnu. Mo ní kó máa lọ síṣẹ́ ẹ̀. Ó kí mi, ó lọ, kò ra nǹkan kan.

Nígbà tí mo wọ yàrá ìsàlẹ̀ lọ́sàn-án, orí bẹ́ǹṣì tí bàbá àgbà fi ń ṣiṣẹ́ ni mo jókòó sí. Bọ̀dá mi ń dápàárá, ó ní, "Ẹ ṣọ́ra o, adájọ́ ti dé." Àwọn méjèèjì kí mi. Wọ́n tún yíjú sí òun náà, wọ́n ní, "Bọ̀dá, ẹ kú ìmúra." Ó gbé ọ̀pá méjèèjì sókè, ó fi wọ́n lu ara wọn, ó kà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé orin. Kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ni mo ti kọrin, ọ̀gá wa níbẹ̀ kì í gba gbàkugbà. Ẹni tó bá falẹ̀ tàbí tó sáré, á na ọ̀pá sí i lójú gbogbo wa. Ohun tí etí mi fi mọ̀ ọ́n nìyẹn. Orin yẹn bẹ̀rẹ̀ dáadáa, gìtá ń ta, télọ̀ ń ké. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ọ pé ìlù ń fà sẹ́yìn. Kò fà púpọ̀. Ó ń fà bí ẹni tó ru omi gun àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà á rántí, á sáré, á sì sáré kọjá ibi tó yẹ kó dúró.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé àwọn méjì yòókù ń tẹ̀lé e. Tó bá falẹ̀, wọ́n á falẹ̀. Tó bá sáré, wọ́n á sáré. Onígìtá ò tiẹ̀ wo ọwọ́ ara ẹ̀, ìka ẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Èjìká bọ̀dá mi ló tẹjú mọ́. Télọ̀ á fa èémí sínú, á la ẹnu sílẹ̀, á sì dúró kí ìlù kọ́kọ́ dé kó tó ké. Ẹ̀ẹ̀kan tó fẹ́ ké lákòókò tó yẹ, mo rí i bó ṣe gbé e mì. Wọn ò fẹ́ kó hàn pé bọ̀dá ṣì í, torí náà gbogbo wọn jọ ń ṣì í ni.

Níbì kan, ọ̀pá kan bọ́ lọ́wọ́ bọ̀dá mi. Ẹ gbọ́ mi o, níbi tí télọ̀ ti ń ké pé, "Mi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni!" ibẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa ọ̀pá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀dá." Wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Àmọ́ mo wo ojú bọ̀dá mi, mi ò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Òógùn ti bò ó. Gbogbo agbára ẹ̀ ló fi ń lù ú, èmi ló sì ń wò.

Bí wọ́n ṣe lù ú tán lẹ́ẹ̀kejì ni Màmá pe bọ̀dá mi láti òkè pé kó wá bá òun sún àpótí kan. Ó lọ. Àwa mẹ́ta ló kù.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ẹ̀yin méjèèjì."

Onígìtá wo ẹnu ọ̀nà. "Bọ̀dá ò sí níbí, Àǹtí."

"Mo lójú. Ẹ lù ú."

Onígìtá rọra bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ń jalè. Télọ̀ mú pátákó kan nílẹ̀, ó ń fi í gbá eteetí bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé, ó ń fi ẹsẹ̀ jan ilẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń tijú. Nígbà tó yá ó gbàgbé mi, ó gbàgbé ilé tó wà, ó dijú, ó sì ké. Yéè! Orin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ni, ọ̀rọ̀ kan ò yí padà nínú ẹ̀, síbẹ̀ ara mi bù máṣọ. Inú ń bí orin náà lóòótọ́. Ó ń lọ tààrà, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo ti dìde dúró kí n tó mọ̀. Ọjọ́ náà ni mo gbà pé bọ̀dá mi mú nǹkan bọ̀ láti òkè òkun.

Wọ́n dákẹ́ lójijì. Mo yíjú padà. Bọ̀dá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Télọ̀ ti gbé pátákó sẹ́yìn.

"Ẹ má bínú, bọ̀dá. À ń dúró dè yín ni."

"Ta ló ní kí ẹ dúró?" Kò pariwo. Ó kọjá lára wa, ó lọ jókòó sídìí jáàsì ẹ̀, ó wò mí. "Ó yá. Sọ ọ́."

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní tan yín. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ inú orin yẹn dára gan-an ni."

"Mi ò bi ẹ́ nìyẹn. Àlejò ń bọ̀ wá gbọ́ wa. Nǹkan kan ń fa orin yìí sẹ́yìn. Mi ò dití, èmi náà gbọ́ ọ. Ta ni?" Ó na ọ̀pá ìlù sí télọ̀. "Òun ni, àbí? Ó máa ń pẹ́ kó tó ké. Ó ti ń ṣe mí bíi pé kí n wá akọrin mìíràn. Sọ bó bá jẹ́ òun ni, kí n tètè mọ ohun tí màá ṣe."

Télọ̀ wò mí, ó wo ilẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú bọ̀dá mi. "Èmi ni, bọ̀dá. Ẹ foríjì mí. Màá tún un ṣe."

Orí mi gbóná. Ẹni tó wá bẹ̀ mí ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ nìyí o! Wọ́n fẹ́ lé e kúrò nínú orin tó fẹ́ràn, ó sì fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀ lọ, kí ojú àgbà má baà tì. Mo pariwo mọ́ ọn, "Dìde ńbẹ̀! Mo ní kí o dìde!" Mo yíjú sí bọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ sì já bọ́ lẹ́nu mi.

"Kì í ṣe òun. Ẹ̀yin ni, bọ̀dá mi."

Ẹnì kan ń gún ata nílé kejì, mò ń gbọ́ ọmọ odó.

Mo ní, "Ìlù yín ń falẹ̀, ó sì ń sáré níbi tí kò yẹ. Wọ́n gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n ń dúró dè yín, wọ́n ń bá yín ṣì í, kí ojú má baà tì yín. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní fún yín ló ń pa orin yẹn. Ẹ̀yin náà sì ti gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí ẹ wà lókè."

Bọ̀dá mi yíjú sí onígìtá. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Rárá o, bọ̀dá."

Ó yíjú sí télọ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Irọ́ ni, bọ̀dá. Ìlù yín dára."

Ẹ gbà mí! Wọ́n tì mí síwájú, wọ́n wá sá sẹ́yìn mi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ kí ojú àwa méjèèjì ṣe mẹ́rin. Bọ̀dá mi wo èmi, ó wo àwọn. Ó wá rọra gbé ọ̀pá méjèèjì lé orí ìlù, ó bá ẹ̀yìnkùlé jáde. Bó ṣe jáde ni àwọn méjèèjì fẹ́ máa bẹ̀ mí. Mo ní, "Ẹ kúrò níwájú mi, ẹ̀yin ojo!"

Màmá ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ lókè. Ní ìrọ̀lẹ́, ó pe èmi àti bọ̀dá mi sí pálọ̀, rósárì ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi ló kọjú sí.

"Lójú ará ìta! Ẹ̀gbọ́n rẹ, àkọ́bí mi! Ṣé o ò mọ̀ pé ẹyin lohùn? Bó bá balẹ̀, ṣé ó ṣeé kó ni? Kúnlẹ̀. Bẹ̀ ẹ́, kí o sì sọ fún un pé irọ́ lo pa."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ yẹn. Àmọ́ mi ò purọ́."

"O ṣì ń wí!" ni Màmá wí.

Bọ̀dá mi ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, Màmá. Òótọ́ ló sọ."

Inú ṣì ń bí Màmá, ìyẹn ni kò jẹ́ kó ronú. Ó ní, "Ta ló ní irọ́ ni? Gbogbo àdúgbò ló mọ̀! Ṣé òun ló wá yẹ kó sọ ọ́?"

Mo rí bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ ọ́ lára. Màmá náà rí i, ó bo ẹnu ẹ̀, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Gbogbo àdúgbò?" ni bọ̀dá mi wí. "Alhájà náà mọ̀?"

Màmá ń yí ìlẹ̀kẹ̀ rósárì ẹ̀.

"Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń sọ pé mo kú iṣẹ́?"

"Wọ́n ń kí ẹ ni, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ṣé kí wọ́n bú ẹ lójú títì ni?"

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màmá?"

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Bọ̀dá mi jókòó ti odi, ó ká ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ó ní, "Kò sí ẹnì kan. Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹnì kan tó sọ ọ́ fún mi." Ì bá sàn kó gbá mi létí. Àánú ẹ̀ ṣe mí débi pé gbogbo Pópó Àgùdà ni mo ń bínú sí, láti orí Alhájà dórí àwa ará ilé.

Fún ọjọ́ mélòó kan, kò dé yàrá ìsàlẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ ju "O káàárọ̀" lọ. Mo ti gbà pé ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ló kàn, pé èmi ni mo fi ẹnu mi lé ẹ̀gbọ́n mi lọ bá adìẹ. Mi ò lè jẹun dáadáa. Nígbà tí télọ̀ wá ra òwú lọ́dọ̀ mi, mo ní mi ò tà.

Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí bọ̀dá mi wọ bàtà ẹ̀, tó jáde, tó sì mú ọ̀dọ́kùnrin kan bọ̀. Ọmọ Ègùn ni, ó ń lu ìlù ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan ní Láfíàjí. Bọ̀dá mi ní ẹni tí kò mọ òun rí lòun ń wá láti rọ́pò òun nídìí jáàsì. Ó jókòó tì í, ó kọ́ ọ ní gbogbo orin náà. Mo máa ń dúró sórí àtẹ̀gùn gbọ́ wọn. "Rárá, má dúró de gìtá. Tún un lù. Ibẹ̀ yẹn, sáré díẹ̀ sí i. Ó tó!" Kò sí ibì kankan nínú orin yẹn tí bọ̀dá mi ò mọ bó ṣe yẹ kó rí. Ọwọ́ ẹ̀ ni kò jẹ́ fún un. Ó tún pa á láṣẹ pé nínú yàrá náà, orúkọ ni kí wọ́n máa pe òun, kì í ṣe bọ̀dá. Ọmọ Ègùn pè é wẹ́rẹ́. Télọ̀ ò lè pè é. Tó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, á kàn wúkọ́.

Ọkùnrin onígbọ̀ngàn dé, ó jókòó, ó gbọ́ wọn. Bọ̀dá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n wá ṣeré lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e. Ó béèrè pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀gá, kí ni ẹ máa ń lù nínú ẹ̀?" Bọ̀dá mi ní, "Èmi ni mo ni ilé." Màmá dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́ látọjọ́ náà.

Ní Sọ́ńdè yẹn, òun fúnra ẹ̀ ló bá wọn ru jáàsì dé CMS. Òun ló tò ó, òun ló fún gbogbo ìdè ẹ̀, ó fi ìka kan gbogbo awọ wò kó tó sọ̀ kalẹ̀. Gbọ̀ngàn kún. Àwọn ọ̀dọ́ tí mi ò mọ̀ rí ń fò sókè, wọ́n ń bá télọ̀ ké pé àwọn ò gbọ́, àwọn ò gbà, òrùlé fẹ́ ṣí. Orí mi wú. Mo wẹ̀yìn kí n lè wo ojú bọ̀dá mi, àmọ́ kò sí níbi tí mo fi í sí.

Ìta ni mo bá a, ó fara ti ògiri, ojú ẹ̀ kọ sí ọ̀nà Marina. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí a ti jọ dá dúró, àwa méjèèjì péré.

"Ó dára ju tiwa lọ," ó ní.

"Ẹ̀yin lẹ kọ orin yẹn, bọ̀dá mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn, títí kan èyí tó ń lu ìlù."

"Mo mọ ìyẹn. Ìlù tèmi ni mo fẹ́ bi ẹ́." Ó yíjú sí mi. "Nínú gbogbo ìgbà tí mo fi lù ú, ṣé ibì kan wà, bó ti wù kó kéré mọ, tó dára?"

Mo wá a. Ọlọ́run mi mọ̀ pé mo wá a. Mo rántí gbogbo ọ̀sán tí mo ti ń gbọ́ ọ láti òkè, láti ìta, láti inú yàrá mi, mo ń wá ibì kékeré kan tí mo lè mú fún un. Irọ́ ti dé orí ahọ́n mi, ó rọrùn láti pa, kò sì sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́bi. Àmọ́ irú ẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń fún un láti ìgbà tó ti dé, òun náà sì ti wá mọ̀ ọ́n lójú báyìí.

"Kò sí, bọ̀dá mi."

Ó mi orí. Omi lé ròrò sí ojú ẹ̀, kò sì nù ún. Ó ní, "O ṣé." Ó fi ọwọ́ kan èjìká mi. Nínú lọ́hùn-ún, eré ti parí, wọ́n ń pariwo pé ta ló máa tú jáàsì. Ó nu ọwọ́ ẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó wọlé lọ tú u, torí nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tú u láì ba nǹkan kan jẹ́.